Ọjọ́ Tí Mo Fi Omi Sẹ́nu De Ẹyẹlé

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́… rárá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. N kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ewú ti wà lórí mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ara mi ìgbà yẹn wé eléyìí tí ẹ ń wò yìí, ọmọdé ni mí jàre! Mo ń gun àkàbà nígbà yẹn. Mo ń gun òrùlé. Ta ló ń gun òrùlé báyìí? Kí n tó ti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ orúnkún.

Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó ń gbà á? Ó dáa, ẹ gbé e sún mọ́ mi. Mo mọ ohun tó gbé yín wá o. Kàmọ́rù bàbá yín tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn rò pé mi ò mọ̀. Ó ní kí ẹ wá gbọ́ ìtàn ayé àtijọ́ lẹ́nu bàbá àgbà, tí inú mi bá ti wá dùn tán, kí ẹ rọra sọ ọ́ fún mi pé kí n kó ẹrù mi, kí n máa bá yín lọ sí Èkó. Àbí irọ́ ni mo pa? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹyẹlé fún yín ná, ká tó dórí ti Èkó.

Ẹ wo ọ̀hún yẹn, lábẹ́ mọ́ngòrò. Ibẹ̀ ni bẹ́ǹṣì wa wà. Àwa mẹ́rin. Mẹ́rin péré, gbogbo wa la sì ń sin ẹyẹlé. A kì í sìn ín fún ọjà, a kì í pa á jẹ. A kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí oníkálukú ti dé láti oko, láti ọjà, a ó jókòó, a ó gbójú sókè, a ó máa wo ẹyẹ ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Iṣẹ́ wa nìyẹn. Ìyàwó mi, ìyá tó bí bàbá yín, a máa ní, "Ẹ̀yin àgbààgbà mẹ́rin yìí, ẹyẹ lẹ jókòó tì?" Ẹyẹ la jókòó tì! Kí ló burú níbẹ̀?

Tísà lẹnì kan nínú wa. Hẹdimásítà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ṣòkòtò àwọ̀sùn wọn gan-an máa ń ní awò ìkàwé lápò. Àwọn ló ń ka ìwé ìròyìn sí wa létí. Ìwé ìròyìn ọjọ́ Ajé, ó lè di Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó kà á tán, torí gbogbo ìlà ni wọ́n ń dúró ṣàlàyé. Ẹnì kejì ni Sàlámì, ará Apòmù. Ojoojúmọ́ ni Sàlámì ń gun kẹ̀kẹ́ láti Apòmù wá sí Ìkirè níbí, kó lè wá bú mi. Ẹ gbọ́, n kì í ṣàwàdà o. Sàlámì ò lè sùn tí kò bá tíì bú mi. Ẹnì kẹta ni Ìyá Ràbí tó ń ta obì. Obìnrin ni wọ́n, àmọ́ àwọn ló mọ ẹyẹlé jù nínú gbogbo wa. Wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí, Mùfútáù lásán ni wọ́n ń pè mí, wọn kì í fi bàbá kankan sí i.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni mò ń sọ. Àwọn ológun ló wà lórí àlééfà. Mo rántí ọjọ́ tí Tísà kà á sí wa létí pé a ti kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, pé Òṣogbo la ó máa lọ tí a bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba. Sàlámì fò dìde.

"Ìbàdàn tó wà nítòsí, tí mo lè gun kẹ̀kẹ́ dé kí oòrùn tó mú? Òun la fẹ́ fi sílẹ̀ lọ Òṣogbo? Ta ló bi wá léèrè?"

Tísà ní, "Ológun kì í bi èèyàn léèrè, Sàlámì."

Ìyá Ràbí pòṣé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ̀ ń da ara yín láàmú. Ẹyẹlé ò mọ Ọ̀yọ́, kò mọ Ọ̀ṣun. Ibi tó ti bímọ ló mọ̀."

A rẹ́rìn-ín, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Agolo mílíìkì ti tún gbówó lórí, ta ló gbọ́? Epo mọ́tò ò sí, àwọn awakọ̀ tò sójú títì láti àárọ̀. Kòkó ńkọ́, wọ́n ń rà á àbí wọn ò rà á? Ọmọ ta ló wọ yunifásítì? Ta ni ara rẹ̀ ò yá, ká lọ kí i? Ẹ̀yin ìwòyí, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń gbé yàrá kejì jẹun. Ṣé irọ́ ni? Lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹnì kan ò lè húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ká má bi í léèrè.

Mi ò tíì sọ iṣẹ́ mi fún yín. Àgbẹ̀ ni mí, ẹ mọ ìyẹn, oko kòkó bàbá mi. Ṣùgbọ́n ládàánì tún ni mí ní mọ́sálásí kékeré tó wà ní ìdí ilé wa níbí. Èmi ni mò ń pe ìrun. Bàbá mi ló ń pè é kó tó kàn mí. Ohùn mi nígbà yẹn, háà! Kò sí gbohùngbohùn o, ẹnu lásán. Àwọn tó ń ta dòdò fún àwọn èrò ọkọ̀ lójú títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Bàbá Kàmọ́rù ti pe ìrun, Aláásárì ti tó." Tí mo bá ń lọ lọ́nà, ibi tí mo bá dé, wọ́n á kí mi pé Ládàánì. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o. Orúkọ yẹn ni mo ní láyé, mi ò lówó.

Ó wá ku bàbá yín. Ẹ má wò ó bó ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí! Kàmọ́rù ti ń rí ṣe ní Èkó nígbà yẹn, ó sì ṣe dáadáa, ó wá yí páànù ilé yìí padà. Páànù àtijọ́ ti dípẹtà, òjò ń rọ̀ bá wa lórí ẹní. Ó ra tuntun, ó ń dán yinrin. Ó wá dúró síwájú ilé, ó wo òkè, ó ní, "Bàbá, ẹyẹ wọ̀nyí ò gbọdọ̀ bà sórí páànù yìí o. Ìgbẹ́ wọn ń jẹ páànù. Omi òjò tí ẹ sì ń gbè mu ńkọ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọmọ mi náwó rẹ̀ lé mi lórí. Mo ní ó dáa. Ẹnu ló sọ pé ó dáa o. Inú mi bàjẹ́ gidi gan-an. Mẹ́jọ ni wọ́n, orí òrùlé yìí ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Àdùkẹ́, abo kan báyìí tó funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ò tọ́. Tí mo bá pè é, á wá jẹ àgbàdo ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlàájì kan kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Orílẹ̀-Òwu. Iṣẹ́ gẹdú ló ń ṣe, Àlàájì Onígẹdú ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ sì mọ̀, nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó bá kọ́lé á fẹ́ kí ẹyẹlé bá òun gbé e. Wọ́n ní ẹyẹlé kì í gbé ilé ìjà, kì í gbé ilé ègún. Ilé tó bá tòrò ló ń gbé. Ó gbọ́ pé mo fẹ́ yọ̀ǹda tèmi, ó sì wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. A kó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú àgò, ó sanwó, ó gbé wọn sẹ́yìn mọ́tò.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe mi o. Ẹyẹlé tó ti dàgbà, èèyàn kì í kàn rà á kó tú u sílẹ̀. Ńṣe lo máa sé e mọ́ inú ilé tuntun yẹn, o ó máa fún un lóúnjẹ, o ó máa fún un lómi, títí yóò fi yé ẹyin, tí yóò pa ọmọ síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti pa ọmọ síbẹ̀, ó di ilé rẹ̀. Ìgbà yẹn lo tó lè ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó ń sin ẹyẹlé ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá ń tà á ló sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹni tó ń rà á. Mo máa ń sọ ọ́! Ẹni tó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Àdùkẹ́ yọ orí láàárín àgò, ó ń wò mí… ẹkún gbọ̀n mí. Ojú tì mí, mi ò fẹ́ kí Àlàájì rí omi lójú mi. Mo kàn yíjú padà, mo wọlé. Mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń ṣílé. Èrò kún ilé. Àwọn àna rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ààfáà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà tán, Àlàájì ní kí wọ́n gbé àgò wá síwájú ilé, kí gbogbo ayé wá wo bí ẹyẹlé yóò ṣe bà sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun. Ó ṣí àgò. Ẹyẹ dìde pìrì! Wọ́n yí ilé náà po lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n bá kọjú sọ́nà Ìkirè, wọ́n lọ.

Wọ́n ní èrò gbójú sókè, wọ́n ń wò wọ́n lọ. Obìnrin kan ló wá pariwo láàárín èrò pé, "Háà! Ẹyẹlé kọ ilé!"

Ṣé ó yé yín? Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́? Kí ọkùnrin kọ́lé tuntun, kí ẹyẹlé kọ̀ ọ́ lójú àna rẹ̀? Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń bi ara wọn pé irú owó wo ló fi kọ́ ọ. Kí ló rì mọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀?

Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì ní tèmi. Sàlámì ń bú mi lọ́wọ́. Mo bá gbọ́ ìyẹ́ apá. Mo gbójú sókè, mo rí wọn, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, lórí páànù tuntun! Mo fò sókè, mo ń jó, mo ń pe Àdùkẹ́. Tísà ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ràbí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí títí.

"Mùfútáù, ṣé o sọ fún ọkùnrin yẹn kó sé wọn mọ́lé?"

Mo jókòó. Ijó tán.

Ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mọ́tò Àlàájì ti dé. Ọmọ tí mo lè bí! "Ìwọ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ o, níwájú ìyàwó mi. "Ìwọ bàbá yìí, wàá sọ ohun tí o fi ṣe é! O ta ẹyẹ fún mi, o fi ọfọ̀ pè é padà!" Mo ní kó fara balẹ̀, mo ní àṣìṣe tèmi ni, bí ẹyẹlé ṣe ń ṣe nìyẹn, mo sì gbé owó rẹ̀ jáde. Kò wò ó. Ó ní, "Owó kọ́! Ilé tí ẹyẹlé kọ̀ ni wọ́n ń pe ilé mi báyìí. Ìyàwó mi ò sun ibẹ̀ lánàá, ó ti kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá já. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́. Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ó gba ọ̀dọ̀ Lèmọ́ọ̀mù mọ́sálásí wa lọ. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé Apòmù, ó ti dé Ìkòyí tiwa níbí. Ládàánì Ìkirè ń fi oògùn kó ẹyẹ olówó. Lèmọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Mùfútáù, èmi mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ní ó ń pe ọfọ̀, ṣé òun náà ni yóò tún máa pe ìrun? Fi sílẹ̀ ná, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé gbogbo wa."

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò jókòó sílé rí kí ẹlòmíràn pe Àsùbáà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jí. Mo ṣe àlùwàlá. Mo jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ ọkùnrin kan tó ń pè é. Ohùn rẹ̀ bí ti ewúrẹ́ tó há sí àárín ọgbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ fún ara mi pé ṣé báyìí ni n ó ṣe di àgbà tí wọ́n ń nàka sí? Torí ẹyẹ?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tísà ká ìwé ìròyìn sí itan. Sàlámì ò bú mi, ìyẹn ló tiẹ̀ dẹ́rù bà mí jù. Ìyá Ràbí ló kọ́kọ́ lanu.

"Tísà, ibo ni gbogbo Orílẹ̀-Òwu gbà pé ó mọ́ jù?"

Tísà ní, "Ilé Ọlọ́run ni."

"Ẹ kó ẹyẹ wọ̀nyí lọ síwájú mọ́sálásí ńlá wọn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Tí wọ́n bá kírun tán, tí èrò ṣì pé, kí wọ́n tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ẹyẹ bá fi iwájú mọ́sálásí sílẹ̀ tó wá sílé, ta ni yóò lanu sọ pé ilé Ọlọ́run ò dáa?"

Tísà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Sàlámì ní, "Ọfọ̀ ńkọ́? Wọ́n á ní Mùfútáù jókòó sílé, ó ń pè é."

Ìyá Ràbí ní, "Kó fi omi sẹ́nu. Níwájú Lèmọ́ọ̀mù. Ẹni tó fi omi sẹ́nu, ọfọ̀ wo ló fẹ́ pè?"

Sàlámì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. "Mùfútáù? Kó dákẹ́? Ẹ̀yin, kí ẹyẹ ti Mẹ́kà fò wá sílé rọrùn ju ìyẹn lọ!"

Tísà tún fi ọgbọ́n ìwé kún un. Wọ́n ní àwọn yóò bá àwọn ẹyẹ náà lọ, lẹ́yìn ìrun ni ààfáà ibẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ mú àwọ̀ òwú tó bá wù ú, yóò so ó mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni ní Ìkirè kò ní mọ àwọ̀ tí wọ́n mú, kí wọ́n má bàa ní a fi ẹyẹ mìíràn tàn wọ́n jẹ. Nígbà tí wọ́n lọ sọ ọ́ fún Àlàájì Onígẹdú, kíá ló gbà. Òun náà ń wá ọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ yóò fi mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ gbọ́. Àṣá ńkọ́? Òjò ńkọ́? Tí ẹyẹ bá rí ọkà tí wọ́n ń sá lójú ọ̀nà, tí wọ́n bà síbẹ̀ ńkọ́? Tí wọn ò bá dé, wọ́n á ní, "Ẹ rí i? Ọjọ́ tí kò ráyè pe ọfọ̀ ni ẹyẹ ò padà." Ó tán fún mi nìyẹn, n kò ní pe ìrun mọ́ títí n ó fi kú. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo mú wọn nínú ìtẹ́ kí Tísà lè bá Àlàájì kó wọn lọ. Mo gbàdúrà fún wọn bí ìgbà tí ọmọ ẹni ń lọ ṣe ìdánwò.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ wá dé. A kírun tán níbí, abẹ́ mọ́ngòrò yìí kún fọ́fọ́. Àwọn kan ti Apòmù wá. Kàmọ́rù ti Èkó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbọ́ pé wọ́n ń pe bàbá òun ní olóògùn. Lèmọ́ọ̀mù jókòó lórí àga. Ìyá Ràbí gbé omi wá nínú kọ́ọ̀bù. Mo ní Bísímílááhì, mo bù ú sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bàmù. Ìyá Ràbí jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń wò mí lọ́fun bóyá mo gbé e mì.

Ẹ wá wo Sàlámì! Ó ti rí i pé n kò lè dáhùn. Ó dìde sáàárín èrò.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìjàkadì ti èmi àti Mùfútáù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a, tó ké pe ìyá rẹ̀?"

Irọ́ ni! Irọ́ funfun! Mo mi orí. Mo na ìka sí i.

"Ẹ rí i, ó ní òótọ́ ni."

Èrò ń rẹ́rìn-ín. Ó tún ní Tísà ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n fẹ́ da Ìkirè pọ̀ mọ́ Apòmù, pé Apòmù ni yóò jẹ́ olórí, kò sí ẹni tó lè ta kò ó torí Tísà ò sí nílé. Ó ní kòkó oko mi, òun ló ń bá mi gbìn ín. Ó ní… háà, ohun tí Sàlámì sọ lọ́jọ́ náà! Omi ń wá ọ̀nà imú mi jáde. Nígbà tó yá, èmi gan-an rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò fẹ́ kí n máa ro àròkàn ni. Ó ń tì mí lẹ́yìn bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe é.

Àkókò ń lọ. Ẹ̀rín dín kù. Lèmọ́ọ̀mù wo aago. Ọkùnrin olóhùn ewúrẹ́ yẹn ti ń tún ọ̀fun ṣe torí Aláásárì ti ń súnmọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Wọn ò wá o." Mo gbọ́ ọ. Ìyàwó mi náà gbọ́ ọ, ó wọlé, kò fẹ́ kí n rí ojú òun.

Ìyá Ràbí dìde. Wọ́n fi ọwọ́ bo oòrùn lójú.

"Ẹ dákẹ́."

A wò, a ò rí nǹkan kan. Ó ṣe díẹ̀, a rí i, bí ẹyọ ọkà lójú ọ̀run. Ọ̀kan. Méjì… Èrò bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Mẹ́ta! Mẹ́rin! Wọ́n dé, wọ́n yí po, wọ́n bà tatata sórí páànù. Méje! Kàmọ́rù ti gbé àkàbà. Ẹni tó ní kí ẹyẹ má bà sórí páànù òun ló sáré gùn ún lọ pẹ̀lú bàtà Èkó lẹ́sẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó kígbe pé, "Òwú wà níbẹ̀! Àwọ̀ ewé ni! Bàbá, òwú àwọ̀ ewé ni!"

Lèmọ́ọ̀mù ní, "Mùfútáù, tu omi."

Mo yíjú sí Sàlámì, mo tu gbogbo rẹ̀ sí i láyà agbádá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Irọ́ ni! Èmi ni mo dá ọ!"

Ẹ̀rín ọjọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Lèmọ́ọ̀mù gan-an di ikùn mú. Ibẹ̀ la wà tí mọ́tò Àlàájì fi dé. Ẹyẹ ti dé ṣáájú mọ́tò! Tísà jáde, wọ́n ń sáré bí ọmọ ilé ìwé, "Ṣé wọ́n dé? Ṣé wọ́n dé?" Lèmọ́ọ̀mù ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Wọ́n bi Àlàájì léèrè pé àwọ̀ wo ni wọ́n so. Ó ní, "Àwọ̀ ewé." Ariwo sọ! Àwọn tó ń ta dòdò fi ojú títì sílẹ̀ wá wò wá.

Tísà wá sọ bó ṣe rí lọ́hùn-ún. Ẹyẹ yí mọ́sálásí po lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe yí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì po, wọ́n bá lọ. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn ló wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbí mọ́sálásí wa náà ni wọ́n fi owó burúkú kọ́?" Èrò bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Àlàájì ti kó àwọn ọmọ padà sílé kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀.

Àlàájì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú aṣọ funfun Jímọ́ọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí." "Ìwọ" wá di "Bàbá" o! Mo gbé e dìde. Mo ní, "Èmi ni kí o forí jì. Ẹnu mi tó yẹ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn ni kò sọ̀rọ̀."

Lèmọ́ọ̀mù wo aago. Wọ́n ní, "Ládàánì. Aláásárì ti tó."

Ládàánì ni wọ́n pè mí. Mo lọ. Mo dúró sí ibi tí bàbá mi ń dúró sí, mo fi ọwọ́ di etí, mo pe ìrun. Mo dé àárín rẹ̀, mo rí nǹkan funfun kan tó ń bọ̀ nìkan láti ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu, tó ń fò díẹ̀díẹ̀. Àdùkẹ́ ni. Àṣá ti já ìyẹ́ ìrù rẹ̀. Ó kọjá lórí mi, ó lọ bà sílé. N kò dá ìpè dúró, èèyàn kì í dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà sọ pé àwọn ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ara mi rí.

Mo fún Àlàájì ní ọmọ ẹyẹlé mẹ́rin tí kò tíì fò rí, láti ilé Ìyá Ràbí. Ìyẹn ò mọ ilé mìíràn. Tí ẹ bá gba Orílẹ̀-Òwu kọjá lónìí, ẹ wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ẹyẹ funfun lásán ni. Bàbá yín ló kan ilé ẹyẹlé tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn fúnra rẹ̀, ó fi òòlù lu ìka. Ẹ ní kó fi èékánná rẹ̀ hàn yín.

Ọ̀rẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Tísà ló kọ́kọ́ lọ, Ìyá Ràbí tẹ̀ lé wọn. Sàlámì… ẹni tó ń bú mi kú, ilé dákẹ́. Ẹ̀yin ń fi ìka bá ara yín sọ̀rọ̀ nínú fóònù báyìí, ẹni tó jókòó tì yín ò gbọ́. Kò burú. Ayé ń yí. Ṣùgbọ́n ẹ wá àwọn tí yóò jókòó tì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi omi sẹ́nu. Ẹ wá wọn nísinsìnyí, ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé.

Ó wá ku ti Èkó yín. Mo ti gbọ́. Ilé yín dára, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, dókítà wà nítòsí. Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ẹ ó pẹ́. Ẹ lè gbé mi sínú mọ́tò lónìí, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé tó ti dàgbà ni mí o. Ibí ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí, ibí ni mo sin ìyá wọn sí. N kò ní yé ẹyin mìíràn ní Èkó. Tí ẹ bá mú mi lọ, ẹ sé ilẹ̀kùn dáadáa. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i pẹ́nrẹ́n, ẹ má wá mi kiri òpópónà. Ẹ máa bọ̀ lábẹ́ mọ́ngòrò yìí. Kí mọ́tò yín tó dé, n ó ti jókòó.

Kàmọ́rù, o gbọ́? Má wo ilẹ̀. Dìde, lọ da ọkà fún àwọn ẹyẹ.